Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló yẹ fún ìgbóná abẹ́lẹ̀ nínú metabolic syndrome? Ìfiwéra hs-CRP, ESR, NLR, fibrinogen, ferritin, IL-6 àti adiponectin

Ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru díẹ̀díẹ̀, tí ṣúgà rẹ̀ sì ti ń gòkè láìtíì di àtọ̀gbẹ, kì í pẹ́ kó tó bá ìwé àyẹ̀wò tí orúkọ kún inú rẹ̀ pàdé: CRP, hs-CRP, ESR, NLR, ferritin, IL-6. Inflammation ni wọ́n ní gbogbo wọn ń wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba rárá. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó ẹyọ kan ṣoṣo, hs-CRP ni kí ẹ ṣe. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ara yín le koko, kí ẹ sì ka ìwé iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn yòókù ní ìgbà tiwọn, àwọn kan sì wà tí ìgbà tiwọn kò tíì dé fún ẹni tí kì í ṣe olùṣèwádìí.

Inflammation tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń mú ojú ọgbẹ́ wú tàbí tó ń dá ibà síni lára. Ìgbóná abẹ́lẹ̀ ni. Agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ wà lójúfò lọ́sàn-án lóru láìsí àrùn kan pàtó tó ń bá jà, ẹni tó ní in kò sì ní mọ nǹkan kan lára.

Ohun tí àwọn àyẹ̀wò yìí kò lè ṣe

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ pé ẹnì kan ní metabolic syndrome, ìyẹn àkójọ ohun tó ń fa ewu ọkàn àti àtọ̀gbẹ tó máa ń wà pọ̀ lára ẹnì kan. Ohun márùn-ún ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àdéhùn tí àwọn àjọ ọkàn àti ti àtọ̀gbẹ lágbàáyé jọ gbé jáde ní 2009 ni pé bí mẹ́ta bá ti pé nínú wọn, ó ti tó:

- ìbàdí tó fẹ̀ kọjá ààlà. 94 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin ni International Diabetes Federation ń lò fún àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù àti gúúsù Sàhárà, 90 àti 80 fún àwọn ará Gúúsù Éṣíà àti Ṣáínà; ìlànà Amẹ́ríkà àtijọ́ ń lo 102 àti 88;
- triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) tó jẹ́ 150 mg/dL (1.7 mmol/L) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;
- HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere) tí kò tó 40 mg/dL (1.0 mmol/L) fún ọkùnrin, tàbí 50 (1.3) fún obìnrin;
- ìfúnpá tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ tó 130 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 85;
- ṣúgà àárọ̀ láìjẹun tó tó 100 mg/dL (5.6 mmol/L).

Ẹni tó ti ń lo oògùn fún ọ̀kan nínú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, a ti ka ìyẹn sí i lọ́rùn, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dára lónìí. CRP kò sí nínú márùn-ún yìí. Ẹni tí hs-CRP rẹ̀ jẹ́ 6 ṣùgbọ́n tí kò ní ju ọ̀kan lọ nínú wọn, kò ní metabolic syndrome. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 0.5 ṣùgbọ́n tí mẹ́rin pé sí i lára, ó ní in. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta àyẹ̀wò sọ èyí kó tó gbowó, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi CRP rọ́pò téèpù tí wọn kò tíì fi wọn ìbàdí wọn.

Kí wá ni wọ́n wà fún? Ọ̀rá tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká kì í kàn jókòó jẹ́ẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà tí wọ́n ń pè ní macrophage á ya wọ àárín wọn, wọ́n á sì máa tú TNF-α àti IL-6 jáde, àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ ìgbóná síra wọn. Ní 1993, Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn lára eku tó sanra pé ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń ṣe TNF-α, àti pé bí a bá mú un kúrò, insulin á ríṣẹ́ ṣe dáadáa sí i. IL-6 ní tirẹ̀ á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì méjì jáde, CRP àti fibrinogen. Nítorí náà, àwọn àyẹ̀wò yìí dúró sí orí ọ̀nà kan náà ni: òmíràn wà nítòsí orísun, òmíràn wà ní ìsàlẹ̀ odò. Èyí tó wà nítòsí orísun kọ́ ló rọrùn jù láti wọ̀n.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Serum àti plasma ni omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀; EDTA àti citrate ni ohun inú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

| Àyẹ̀wò | Ibi tó máa ń lọ | Ìgò ẹ̀jẹ̀ | Ohun tó máa ń tan ni jẹ jù |
|---|---|---|---|
| hs-CRP | sókè | ìgò serum (ìdérí pupa tàbí aláwọ̀ wúrà) | òtútù, eyín, ọgbẹ́, oògùn tó ní oestrogen |
| ESR | sókè díẹ̀, tàbí kó má yí rárá | EDTA tàbí citrate | àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún, ọjọ́ orí |
| Sẹ́ẹ̀lì funfun àti NLR | sókè díẹ̀ | EDTA (ìdérí elésè àlùkò) | ìrandíran, oògùn steroid, sìgá |
| Fibrinogen | sókè | citrate (ìdérí aláwọ̀ aró) | ìgò tí ẹ̀jẹ̀ kò kún |
| Ferritin | sókè | serum | àìtó irin nínú ara |
| IL-6, TNF-α | sókè | serum tàbí plasma, yìnyín kíákíá | ìpẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, wákàtí tí wọ́n gbà á |
| Adiponectin | sísàlẹ̀ | serum | àrùn kíndìnrín, àrùn ọkàn |

hs-CRP: èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ní 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí purotéènì yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mú. CRP lásán àti hs-CRP, purotéènì kan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn kò ju bí ojú ẹ̀rọ ṣe mú tó lọ. Èyí tó wà fún ẹni tí àrùn wọ̀ lára kì í sábà rí ohunkóhun tó bá kéré sí 3 tàbí 5 mg/L. Yóò kàn kọ “<5” síwájú yín ni. Fún metabolic syndrome, èsì yẹn kò sọ nǹkan kan, torí láàárín 0 sí 5 gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ bi láàbù pé: nọ́ńbà tó kéré jù wo ni ẹ̀rọ yín lè kọ? Bí wọ́n bá ní 0.3 tàbí kó kéré sí i, hs-CRP ni. Bí wọ́n bá ní 5, ẹ má sanwó.

Ìlànà tí American Heart Association àti CDC (àjọ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà) gbé jáde ní 2003 ni wọ́n ṣì ń fi ka èsì rẹ̀. Bí kò bá tó 1 mg/L, ewu ọkàn kéré. Láti 1 sí 3, ó wà láàárín. Bó bá ju 3 lọ, ewu pọ̀. Bó bá ju 10 lọ, ẹ má fi ka ewu ọkàn rárá: ohun mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹ wá a, ẹ wò ó sàn, kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlànà yẹn ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì láàárín wọn, kí wọ́n sì pín àpapọ̀ èsì náà sí méjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 2.4 tí èkejì jẹ́ 3.2, 2.8 ni tiyín. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1.6 tí èkejì jẹ́ 7.9, pípín kò ní ìtumọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀kẹta. CRP ẹnì kan náà máa ń lọ sókè sódò gan-an láìsí ìdí tó hàn, ìyẹn ni èsì ẹyọ kan kò fi ṣeé gbára lé.

Ìdí tí ọ̀sẹ̀ méjì fi tó rèé. Bí nǹkan bá ṣe ara, CRP á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín bíi wákàtí mẹ́fà, á dé òkè téńté ní nǹkan bí ọjọ́ kejì. Bí ohun tó fà á bá ti dáwọ́ dúró, ìdajì rẹ̀ á lọ ní gbogbo wákàtí 19. Ká ní òtútù mú un dé 40 mg/L: á di 20, á di 10, á di 5, á di 2.5, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òtútù kì í dáwọ́ dúró lójijì bẹ́ẹ̀. Ikọ́ tó ṣẹ́kù, imú tó ṣì dí, wọ́n ṣì ń ta ẹ̀dọ̀ jí. Ẹni tó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ karùn-ún tí òtútù ti lọ, tó gba 6.1, kò lè mọ̀ bóyá ikùn rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn tó ń gbé e sókè: eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹran ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀ (ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí láéláé), abẹ́rẹ́ àjẹsára, iṣẹ́ abẹ, eré ìdárayá tó le ju bí ara ṣe mọ̀ ọ́n lọ, sìgá, oyún, oògùn oníhóró tó ní oestrogen. Àwọn tó ń fà á wálẹ̀: statin (oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù), àti ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an tí kò lè ṣe purotéènì mọ́. Kò nílò ààwẹ̀. Àmọ́ triglyceride àti ṣúgà nílò rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ kan náà, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá láìjẹun.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn nọ́ńbà náà dáadáa. Láàbù kan ń kọ mg/L, òmíràn ń kọ mg/dL. 0.3 mg/dL àti 3 mg/L, ohun kan náà ni wọ́n. Ẹni tó rí 0.4 mg/dL tó sì yọ̀ pé òun wà lábẹ́ 1, 4 mg/L ló ní, ewu ló wà.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò mọ ẹni tó ń pè é. Nínú ohun márùn-ún tí a kà sókè, ìbàdí ló máa ń bá rìn tímọ́tímọ́ jù, nítorí náà ẹni tó sanra lásán tí ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ dára náà lè ní 4. Ibi tó ti wúlò gan-an ni ìpinnu oògùn. Ìwádìí JUPITER, tó jáde ní 2008, mú àwọn tí LDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú) wọn kò tó 130 mg/dL ṣùgbọ́n tí hs-CRP wọn tó 2, rosuvastatin, ọ̀kan nínú àwọn statin, sì dín àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù láàárín wọn. Ìlànà àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti 2018 ka hs-CRP tó tó 2 mg/L mọ́ ohun tó ń fi kún ewu, ó sì ka metabolic syndrome fúnra rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ statin bá wà lójú ọ̀nà méjì láàárín yín àti dókítà yín, níbẹ̀ ni owó àyẹ̀wò yìí ti ń padà sápò.

ESR: ẹ jẹ́ kó lọ

Ó rọrùn, ó wà níbi gbogbo, kò sì yẹ fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá Westergren tó dúró ṣánṣán, wọ́n á wo iye mìlímítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi wálẹ̀ láàárín wákàtí kan. Fibrinogen ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa to léra wọn kí wọ́n sì yára rì. Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú wọn yára rì, bẹ́ẹ̀ ni oyún àti ọjọ́ orí. Sickle cell á sì dá wọn dúró, torí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kò lè to léra. Ọ̀pá tó fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ báyìí, tábìlì tí ẹ̀rọ ń mì, ẹ̀jẹ̀ tó ti ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú yàrá: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ba èsì jẹ́. Ìgbóná abẹ́lẹ̀ kéré ju kó borí gbogbo ariwo yìí lọ. ESR 12 kò sọ pé kò sí i, ESR 28 kò sì sọ pé ó wà.

Iye sẹ́ẹ̀lì funfun àti NLR: ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, èyí tí wọ́n ń ṣe fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn, ní iye sẹ́ẹ̀lì funfun nínú. 4 sí 11 × 10⁹/L ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Nínú metabolic syndrome, kì í sábà jáde kúrò nínú ààlà yìí. Ó kàn máa ń sún sí apá òkè rẹ̀. NLR ni neutrophil tí a fi lymphocyte pín; oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì ni wọ́n. Neutrophil 4.5, lymphocyte 1.8: 2.5 ni. Ẹ lè fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é, èsì kan náà ló máa jáde. SII, ìṣirò mìíràn tó jọ ọ́, ń fi platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) kún un: platelet 260 × 4.5 ÷ 1.8, ìyẹn 650.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò sí owó tuntun. Ohun tó burú ni pé kò sí ààlà kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé “2.0 ni òpin”, inú àwùjọ ibì kan ló ti mú un. Èyí gbọ́dọ̀ yé àwọn tí ìran wọn ti wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ wọn ló jogún ẹ̀yà Duffy-null, tí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi kéré láìsí àrùn kankan. NLR wọn á kéré láti ilẹ̀ wá. Bí a bá fi ààlà tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn wọ̀n wọ́n, ìgbóná tó wà nínú ara wọn lè sá pamọ́ sí abẹ́ nọ́ńbà tó dà bíi pé ó dára. Ẹ fi NLR yín wé ti ara yín ní ọdún tó kọjá, ìyẹn ló ní ìtumọ̀.

Oògùn steroid ń gbé neutrophil sókè, ó ń rẹ lymphocyte sílẹ̀, NLR á fò lọ sókè ní wákàtí díẹ̀. Sìgá ń gbé gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun ga. Ní ti SII, bí wọn kò bá yí ìgò náà síwá sẹ́yìn rọra nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́yìn gbígba ẹ̀jẹ̀, ó lè dì. Àwọn kan sì wà tí EDTA gan-an ń mú platelet wọn ṣù jọ, ẹ̀rọ á kà á kéré, SII á sì jáde ní èké. Bí platelet bá dédé jẹ́ 70 lára ẹni tí kò ní ìṣòro kankan, kí wọ́n tún un gbà nínú ìgò citrate.

Fibrinogen àti ferritin

Fibrinogen dára nítorí pé ó so ìgbóná pọ̀ mọ́ dídì ẹ̀jẹ̀. 2 sí 4 g/L ni ààlà tó wọ́pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀: ìdá ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án sí citrate kan ni, 2.7 mL sórí 0.3 mL. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú ìlà, citrate á pọ̀ jù, èsì á sì jáde ní kékeré. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú abẹ́rẹ́, fibrinogen ti lọ nìyẹn. A kò rí ohun tó fi kún hs-CRP fún ìpinnu ojoojúmọ́.

Ferritin ní ojú méjì. Ibi ìpamọ́ irin ni, ìgbóná sì ń gbé e sókè. Ẹni tí irin rẹ̀ kò tó lè ní 40 µg/L pẹ̀lú ìgbóná abẹ́lẹ̀ gidi nínú ara, torí ọ̀kan ń fà á wálẹ̀, èkejì ń tì í sókè. Bó bá ga, ẹ má dákẹ́ síbẹ̀: ẹ ṣe transferrin saturation, ìyẹn ìdá tí irin gbà lára purotéènì tó ń gbé e kiri inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìyẹn bá ju 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, irin tó pọ̀ jù nínú ara ló yẹ kí dókítà wá. Bó bá wà ní ìwọ̀nba, tí ìbàdí sì fẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti metabolic syndrome ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

IL-6, TNF-α, adiponectin

Àwọn wọ̀nyí ló sún mọ́ orísun jù, ìyẹn ló ń mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn. Pg/mL ni wọ́n fi ń wọn IL-6 àti TNF-α, ìyẹn ni pé ó kéré gan-an. IL-6 ń yí padà láàárín ọ̀sán àti òru, ó ń fò sókè lẹ́yìn eré ìdárayá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jókòó lórí tábìlì fún wákàtí bíi mélòó kan lè yí èsì padà, torí sẹ́ẹ̀lì inú ìgò ṣì wà láàyè. Wọ́n gbọ́dọ̀ yà á kúrò lára sẹ́ẹ̀lì kíákíá, kí wọ́n gbé e sínú yìnyín líle, kí wọ́n má sì yọ́ ọ léraléra. Èsì láàbù kan kò ṣeé fi wé ti èkejì bí irin iṣẹ́ wọn kò bá jẹ́ ọ̀kan. Fún ìwádìí, wọ́n dára. Fún ẹnì kan tó fẹ́ mọ ibi tí ara òun dé, ẹ fi owó náà pamọ́.

Adiponectin, họ́mọ̀nù tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń ṣe, yàtọ̀, torí sísàlẹ̀ ló ń lọ bí ọ̀rá inú ikùn ṣe ń pọ̀. Ó bá ọ̀rọ̀ insulin mu gan-an. Ti obìnrin ga ju ti ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n àrùn kíndìnrín àti ọkàn tó ti rẹ̀ á máa gbé e sókè, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní pioglitazone náà sì ń gbé e, nítorí náà nọ́ńbà tó ga lára aláìsàn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ dandan.

Èwo ni kí ẹ mú

Bí ẹ kò bá tíì wọn ìbàdí, téèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àárín egungun ìhà tó gbẹ̀yìn àti òkè egungun ìbàdí ni kí ó gbà yí ara ká, kó lọ gbọọrọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́, kí ẹ kà á nígbà tí ẹ bá mí jáde tán láìfa ikùn wọlé.

Bí ọ̀kan tàbí méjì nínú márùn-ún bá wà lára yín, hs-CRP ẹ̀ẹ̀mejì lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti ń jinlẹ̀. Bí mẹ́ta bá ti pé, ẹ ti mọ̀. Ìbéèrè tó kù ni ti ewu ọkàn, hs-CRP kan náà ló ń dáhùn rẹ̀. Ẹni tó ní làkúrègbé inú oríkèé, lupus, ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV tí oògùn kò tíì kápá, tàbí ọgbẹ́ tí kò jinná, kó má ṣe ọ̀kankan nínú wọn fún metabolic syndrome. Àìsàn yẹn ló máa gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Aláboyún náà, kó dúró.

Fún àtúnwò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń dín sísanra kù, oṣù mẹ́ta láàárín àyẹ̀wò méjì ti tó, láàbù kan náà, ẹ̀rọ kan náà, àárọ̀ kan náà. Kí hs-CRP kúrò ní 3.1 bọ́ sí 2.7 kò tíì sọ nǹkan kan. Bó bá bọ́ sí 1.4, tó sì dúró síbẹ̀ nígbà kejì, ẹ lè gbà á gbọ́.

Kí ẹ tó jókòó fún abẹ́rẹ́, ẹ sọ ohun mẹ́rin fún ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, kí ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: ọjọ́ tí òtútù tàbí ibà kẹ́yìn ṣe yín, oògùn tí ẹ ń lò (statin, steroid, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí), bóyá ẹ ń lo biotin tó pọ̀ fún irun àti èékánná, torí ó ń dí àwọn ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọn ferritin àti IL-6, àti bóyá ẹ mu sìgá láàárọ̀ yẹn. Kí wọ́n sì kọ “hs-CRP” síbẹ̀ ní kíkún. Bí wọ́n bá kọ “CRP” lásán, èyí tó ń kọ “<5” ni wọ́n máa ṣe fún yín.